Mo lè sọ ìtàn inú ìwé, àmọ́ kókó rẹ̀ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ṣadé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ràn ìwé kíkà láti kékeré. Bí mo bá ka ìtàn àròsọ kan tán lónìí, mo lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ́la láìfi ẹ̀dá ìtàn kan sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ní kí n kọ̀wé lórí kókó ọ̀rọ̀ tó jẹ yọ nínú rẹ̀, ọwọ́ mi á kàn rọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa fún wa ní ìtàn kúkúrú kan tí kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ lé e lórí. Nígbà tí iṣẹ́ mi padà dé, ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ ni pé: "Ìtàn lo tún sọ fún mi. Mo ti kà á." Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé ìfẹ́ ni kókó ìtàn náà, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n bi mí pé: "Kí ni ìtàn náà wí nípa ìfẹ́?" Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn fún odidi wákàtí kan, n kò rí nǹkan kan kọ.

Báwo lẹ ṣe ń mọ kókó ìtàn? Ṣé ibì kan pàtó ló máa ń wà tí èmi ń fò kọjá ni? Ṣé bí a ṣe ń wá a nínú ìtàn kúkúrú náà la ṣe ń wá a nínú ìwé ńlá? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n tún fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọmọ_Ìwé

Àǹtí Ṣadé, kò le rárá. Ẹ lọ ka orí tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé máa ń kó ẹ̀kọ́ ìtàn sí. Bí olè bá jìyà, kókó rẹ̀ ni pé olè jíjà kò dára. Bí ọmọ aláìgbọràn bá kàgbákò, kókó rẹ̀ ni ìgbọràn. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn.

Arínúróde

Ọmọ_Ìwé, má bínú sí mi, ìmọ̀ràn rẹ yìí á tún ṣi Ṣadé lọ́nà ni. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní lítíréṣọ̀, àṣìṣe yìí sì ni mo máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí kókó. Ẹ̀kọ́ ni ohun tí ìtàn ní kí a ṣe tàbí kí a má ṣe. Kókó ni ohun tí ìtàn gbé síwájú, tó ń yí i wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, tó sì ń sọ nípa bí ayé ṣe rí fún ọmọ ènìyàn.

Àwọn ìwé kan wà tí méjèèjì ti jọ ń rìn. Ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni; ìtàn á dúró láàárín ìrìn, á kọjú sí òǹkàwé, á sì gbà á níyànjú. Síbẹ̀, bí o bá to àwọn ìyànjú yẹn jọ láti orí dé ìrù, o kò tíì fọwọ́ kan ìdí tí odidi ìwé náà fi jẹ́ ìrìn àjò, tàbí ìdí tí ọdẹ tó rin ìrìn náà fi wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Wo ìwé Achebe ti 1958, Things Fall Apart. Okonkwo, olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, pokùn so nígbẹ̀yìn. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà rẹ, kókó ìwé náà ni pé kí èèyàn má pokùn so. Ìwọ náà rí i pé kò kún ọwọ́.

Ṣadé, ìbéèrè tí olùkọ́ rẹ kọ sí etí ìwé yẹn gan-an ni ọ̀nà. Àkòrí ni "ìfẹ́". Ẹgbẹ̀rún ìtàn ló wà lábẹ́ àkòrí yẹn, wọn kò sì sọ ohun kan náà. Bi ìtàn tí o kà léèrè pé: ìfẹ́ wo? Láàárín ta àti ta? Kí ló ṣe fún wọn, kí ló gbà lọ́wọ́ wọn? Lẹ́yìn náà, sọ ìdáhùn rẹ di odidi gbólóhùn. "Ìfẹ́ tó ń bẹ̀rù àdánù a máa di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí a fẹ́." Èyí ti di kókó. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé kí n bi ara mi bóyá èèyàn gidi lè bá gbólóhùn náà jiyàn. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí "ìfẹ́" jiyàn. Kò sẹ́ni tó máa bá "olè jíjà kò dára" jiyàn pẹ̀lú.

Ìyá_Àlàyé

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Arínúróde. Ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Ọmọ yìí kò tíì mọ ibi tí yóò ti rí ohun tí yóò fi kọ gbólóhùn yẹn.

Ṣadé ọmọ mi, èmi ni mo ń ṣe kòkárí ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan. Mo máa ń ní kí wọ́n ka ìtàn lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìgbádùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Ìgbà kejì ni wọn yóò máa fàlà sábẹ́ ohunkóhun tó bá tún padà wá: ọ̀rọ̀ kan, ohun èlò kan, àwọ̀ kan, ìṣe kan. Bí òǹkọ̀wé bá dárúkọ fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń júwe. Bó bá dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí ẹ̀dá ìtàn sì ń lọ síbẹ̀ nígbàkigbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́, fèrèsé yẹn ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti ní ọ̀nà méjì níwájú, tó sì mú ọ̀kan. Ibi ìpinnu ni ìwà ti ń hàn, ìwà ló sì ń fa okùn kókó.

Nínú ìwé Achebe tí Ọ̀gá dárúkọ, ikú Ikemefuna, ọmọ tí Okonkwo ń tọ́ nínú ilé rẹ̀, ló ká mi lára jù. Òrìṣà ti pàṣẹ pé kí Okonkwo pa á, kò sì ní ọ̀nà àbáyọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àyànmọ́ ni ìwé yẹn ń sọ.

Ògbufọ̀

Ẹ ṣé, Màmá, pàápàá fún ti pẹ́ńsùlù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. Àṣẹ tó wá ni pé kí wọ́n pa ọmọ náà. Kì í ṣe pé Okonkwo ni kó pa á. Ezeudu, tó jẹ́ àgbà, wá bá a nílé ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má lọ́wọ́ sí i, nítorí bàbá ni ọmọ náà ń pè é. Ó lè jókòó sílé, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣá ọmọ náà, tí ó sáré tọ̀ ọ́ wá, tó ń ké pè é ní bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló fa àdá yọ. Ìdí wà níbẹ̀ kedere: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rò pé ojo ni òun.

Okonkwo ní ọ̀nà àbáyọ o, Màmá. Wọ́n tilẹ̀ gbé e wá bá a nínú ilé. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò lórí àyànmọ́, ó bọ́ sórí ọkùnrin tó bẹ̀rù pé òun lè dà bí Unoka bàbá rẹ̀, tí wọ́n kà sí ọ̀lẹ, débi pé ìbẹ̀rù náà ló ń pinnu fún un. Ẹ wò ó bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí a kò rántí dáadáa ṣe lè yí kókó padà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi pé kí wọ́n má fi ìrántí kọ nípa kókó. Ẹ ṣí ìwé.

Ìyá_Àlàyé

O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti lọ ṣí orí keje wò, bí o ṣe wí ló rí. Ó pẹ́ tí mo ti kà á kẹ́yìn, ìbànújẹ́ ibẹ̀ nìkan ni mo rántí, n kò rántí Ezeudu.

Síbẹ̀ n kò ní kó àyànmọ́ dànù pátápátá. Ọ̀rọ̀ *chi*, ìyẹn bí orí ẹni lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, ń padà wá nínú ìwé yẹn, ibì kan sì ń ta ko ibòmíràn: níbì kan, bí èèyàn bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, *chi* rẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó ṣe, Okonkwo wá ń rò pé *chi* òun kò gbé òun dé ibi gíga. Ìwé náà kò dá ẹjọ́ náà. Bóyá ìbéèrè tí a kò dáhùn náà jẹ́ kókó.

Alárìíwísí

Mo gbà pé ìwé ńlá lè gba kókó mẹ́ta mẹ́rin. Ìtàn kúkúrú kò rí bẹ́ẹ̀, Ṣadé sì béèrè ìyẹn. Ní 1842, Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àyẹ̀wò kan lórí àwọn ìtàn Hawthorne, òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ìtàn kúkúrú jẹ́ ohun tí èèyàn lè kà tán ní ìjókòó kan, pé ipa kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ gbèrò láti ní lórí òǹkàwé, kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́ sì máa sìn ín. Ẹ wá kókó kan. Bí ẹ bá rí méjì, ẹ ti ń ronú jù.

Akọ̀tàn

Ẹ̀gbọ́n Alárìíwísí, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ìtàn kúkúrú ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ipa tí Poe ń sọ ni bí ara òǹkàwé ṣe máa rí nígbà tó bá kà á tán: bóyá ẹ̀rù, bóyá ìbànújẹ́. Ìyẹn kì í ṣe kókó. Ìtàn kan lè fi ìbànújẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́kàn wa, kí kókó méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Wo ìtàn Kate Chopin ti 1894, The Story of an Hour. Kò gbà ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Wọ́n sọ fún obìnrin kan pé ọkọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin. Ó sunkún, ó wọ yàrá lọ, ó jókòó síwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti wá rí i díẹ̀díẹ̀ pé òun ti dòmìnira. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn wọlé láàyè, obìnrin náà sì kú. Àwọn dókítà ní ayọ̀ ló pa á. Òmìnira tí obìnrin kò mọ̀ pé òun ń pòùngbẹ rẹ̀ ni kókó kan. Gbólóhùn àwọn dókítà yẹn ni èkejì: òkú rẹ̀ kò tíì tutù tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ fún ayé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, wọ́n sì ṣì í. Bí o bá yan ọ̀kan, ìlà tó gbẹ̀yìn á di àwàdà lásán, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Alárìíwísí

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn wà lábẹ́ kókó àkọ́kọ́. Kò ní òmìnira láàyè, kò sì ní in nígbà tó kú. Kókó kan ṣoṣo náà ni, ó kàn ní ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n mo gbà fún ọ lórí ìyàtọ̀ ipa àti kókó. Mo ti pa méjèèjì pọ̀.

Ṣadé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan: ìtàn tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni ẹ ń sọ. Bí kò bá sí ìpinnu ńlá kankan ńkọ́? Èyí tí wọ́n fún wa yẹn, ẹnì kan kàn wà nínú ilé ni.

Ògbufọ̀

Bi í pé: ta ló yí padà? Má sì yára dáhùn.

Nínú The Metamorphosis tí Kafka gbé jáde ní 1915, Gregor Samsa jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti di kòkòrò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo Gregor nìkan á rò pé ìyípadà ti parí lójú ìwé kìíní. Wá wo àwọn ará ilé rẹ̀. Bàbá tó ti fẹ̀yìn sínú àga padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ oníbọ́tìnnì tí kò fẹ́ bọ́ nínú ilé mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé oúnjẹ fún un níbẹ̀rẹ̀, ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń bọ́ wọn ti di ẹrù, ìfẹ́ wọn sì ń tán bí ìwúlò rẹ̀ ṣe ń tán. Ṣé ìfẹ́ ni tẹ́lẹ̀, àbí ìwúlò? Ibẹ̀ ni kókó wà. Kafka kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà pé kí wọ́n má ya kòkòrò náà sẹ́yìn ìwé. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo dẹ́kun bíbéèrè irú kòkòrò tó jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ àti ẹni tó ń ṣí i.

Akọ̀tàn

Ṣadé, jẹ́ kí á fi ọwọ́ kan ìtàn gan-an dípò ká máa sọ ọ́ lókèèrè. Èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí, èmi ni mo kọ ọ́, odidi rẹ̀ sì nìyí. Ẹ bá mi ka kókó rẹ̀.

"Lálaalẹ́, Bàbá a máa ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ki ọ̀pá ìdábùú bọ̀ ọ́, wọ́n á wá gbé àga onígi tì í lẹ́yìn. Inú yàrá mi ni mo ti ń ka ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kàrà, gbàgà, gìì. Nígbà tí mo pé ogún ọdún, mo bi wọ́n pé, Ta lẹ ń tilẹ̀kùn mọ́? Wọn kò dáhùn. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi jáde, mo dúró lábẹ́ ògiri, mo dẹtí. Mo gbọ́ kàrà. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mi ò gbọ́ èkejì."

Ọmọ_Ìwé

Mo fẹ́ gbìyànjú lọ́nà tí Bàbá Arínúróde wí. Àkòrí: ìdánìkanwà. Gbólóhùn: ẹni tó bá wà lóun nìkan kì í bẹ̀rù olè mọ́, nítorí kò sí ohun tó kù tí olè lè jí. Nígbà tí ọmọ wà nílé, ìṣúra wà nílé. Ọmọ lọ, bàbá kò rí ìdí láti dábùú ilẹ̀kùn mọ́.

Arínúróde

Ọmọ_Ìwé! O rí i bí o ṣe kúrò lórí "olè jíjà kò dára" láàárín ọjọ́ méjì? O ṣe dáadáa gan-an. O lo ohun tó padà wá, ìyẹn ìró mẹ́ta, o sì lo ibi tó ti já. Ìlà tó gbẹ̀yìn lágbára nítorí pé a ti kọ́ etí wa láti máa retí gbàgà.

Ìyá_Àlàyé

Èmi kò rí ìṣúra níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni mo rí. Ta lẹ ń tilẹ̀kùn mọ́? Ẹ ka ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. A lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta, a sì lè tì í mọ́ èèyàn sínú ilé. Ọmọ ogún ọdún ló béèrè, bàbá kò sì lè fèsì. Bó bá jẹ́ pé olè ni, kí ló le nínú kí ó wí pé olè ni? Ọmọ náà gan-an ló ń tì mọ́lé. Nígbà tó jáde tán, iṣẹ́ ìdábùú parí.

Ògbufọ̀

Ẹ̀ẹ̀rín ń pa mí, inú mi dùn, nítorí ìbéèrè yẹn á dá ògbufọ̀ dúró. Nínú ọ̀pọ̀ èdè, mo gbọ́dọ̀ yan: bóyá mọ́ta ni, bóyá mọ́lé ni. Bí mo bá ti yan ọ̀kan, kókó kan ti kú lọ́wọ́ mi, ó di kí èyí tí Màmá kà tàbí èyí tí Ọmọ_Ìwé kà máa lọ. Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "mọ́", ni ìtàn náà sùn sí.

Alárìíwísí

Ẹ̀yin méjèèjì fo kọ́kọ́rọ́. Bàbá kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó yí kọ́kọ́rọ́. Èyí tó fi sílẹ̀ ni ọ̀pá àti àga, àwọn méjèèjì sì ni ẹni tó wà níta kò lè ṣí. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ẹni tó wà níta lè ṣí. Ó ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi lè padà wọlé. Kókó rẹ̀ ni ìdáríjì tí a kò fẹnu sọ.

Arínúróde

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́? Mo ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò rí i. A kò gbọ́dọ̀ kọ́ kókó lé orí ohun tí àwa fúnra wa gbé wọ inú ìtàn.

Akọ̀tàn

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọ náà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú àpò. Mo yọ ọ́ nítorí ó ń dá ìró mẹ́ta yẹn dúró. Èyí tí Alárìíwísí kà ni mo ní lọ́kàn.

Alárìíwísí

Ẹ rí i! Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ògbufọ̀

Kò parí, ẹ̀gbọ́n. Ní 1946, Wimsatt àti Beardsley, onímọ̀ méjì ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tí wọ́n pè ní The Intentional Fallacy. Wọ́n ní ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń dá iṣẹ́ ọnà lẹ́jọ́. Bí èrò náà bá ti wọ inú iṣẹ́, a óò rí i níbẹ̀, bí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ̀rí ìta ni. Akọ̀tàn yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ohun tó yọ kò sí nínú ìtàn tó fún wa.

Ìyá_Àlàyé

Èmi kò lè lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ ní ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. N kò ní pa Akọ̀tàn lẹ́nu mọ́, kò sì ní pa èmi náà lẹ́nu mọ́. Mo gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti òǹkàwé kan láàárín wa, tó ti bá ìtàn náà gbé pẹ́ jù wá lọ.

Akọ̀tàn

Ohun tí Màmá sọ yìí ni mo fara mọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé n kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáríjì tàbí kókó kankan. Ìró ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo kọ ọ́ tán kí n tó bi ara mi pé kí ni bàbá yìí ń ṣe gan-an. Ẹ̀wọ̀n tí Màmá rí kò wá sí mi lọ́kàn rí, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí: ó wà níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí bàbá yẹn jọ ẹni tí mo mọ̀.

Arínúróde

Ṣadé, o ti dákẹ́. Kí ni ìwọ rí?

Ṣadé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ má bínú, sà, mò ń kọ ni. Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ ọ́, mo sì ń pa á rẹ́. Èyí ni mo ní:

"Ìtàn yìí fi hàn pé bí a bá ń dáàbò bo èèyàn láìbi í léèrè, ààbò náà kò yàtọ̀ sí àhámọ́ létí ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti pé ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lè má mọ èyí tí òun ń ṣe nínú méjèèjì."

Mo kọ "létí" nítorí pé etí ni ọmọ náà fi mọ gbogbo rẹ̀. Láti yàrá ló ti ń gbọ́ ọ, lábẹ́ ògiri náà ló tún ti gbọ́ ọ. Kò sọ fún wa pé òun rí bàbá rẹ̀ lójú nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Arínúróde

Èèyàn lè bá gbólóhùn yẹn jiyàn, mo sì ń bá a jiyàn báyìí. "Létí" yẹn wú mi lórí, n kò rí i tẹ́lẹ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ ẹ̀rí fún. Níbo lo ti rí i pé bàbá náà lè má mọ ohun tí òun ń ṣe?

Ṣadé_Akẹ́kọ̀ọ́

"Wọn kò dáhùn," sà. Màmá kà á pé wọ́n mọ ìdáhùn, wọn kò kàn lè sọ ọ́. Èmi kà á pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí, pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè náà. Ìtàn kò sì sọ pé wọ́n gbé àga náà tì í lálẹ́ ọjọ́ tí mo béèrè yẹn.

Ìyá_Àlàyé

O kọ "mo béèrè".

Ṣadé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ náà ni mo fẹ́ kọ. Mo ti wọ inú rẹ̀ jù.

Ìyá_Àlàyé

Má pa á rẹ́. Ní báyìí, padà lọ bá ìtàn olójú ìwé mẹ́rin tí wọ́n fún yín yẹn. O ní ẹnì kan kàn wà nínú ilé. Kí ló ń gbọ́ níbẹ̀?